Ẹ Fi Ẹsẹ̀ Gun Òkè Patti

Kò sí ibi tí èèyàn lè dúró sí ní ilẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa ọmọ Yorùbá ní Ìpínlẹ̀ Kogí, tí kò ní rí àpáta ńlá kan lọ́ọ̀ọ́kán. Láti Kàbbà dé Ògìdì, láti Ìsánlú dé Ẹ̀gbẹ̀, òkúta ló yí wa ká. Ọmọdé tó bá béèrè lọ́wọ́ àgbà pé kí ni wọ́n ń fi àwọn àpáta wọ̀nyí ṣe láyé àtijọ́, ìtàn ogun ni yóò gbọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà láti Bídà ń ya wọ ilẹ̀ wa léraléra. Wọ́n ń kó èèyàn lẹ́rú, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, nígbà tí ohun ìní bá sì tán nílé, ọmọ ni àwọn ìlú fi ń san án. Ẹṣin kì í gun àpáta. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba ńlá wa fi ń sá gun òkè, tí wọ́n ń sùn sínú ihò òkúta, tí wọ́n sì ń yọ́ sọ̀kalẹ̀ wá roko nígbà tí wọ́n bá rí i pé ojú ọ̀nà dá.

Ká ní mo lè bá baba tó bí baba bàbá mi sọ̀rọ̀, kí n sọ fún un pé lọ́jọ́ Sátidé èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi wọ bàtà eré, a gbé omi dání, a lọ gun òkè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lé wa, mo mọ ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi mí. Á ní, “Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn yín?” Ojú yìí ni mo fi ń wo Lọ́kọ́jà. Òkè tí à ń gùn ṣeré lónìí, irú rẹ̀ ni wọ́n ń gùn nítorí ẹ̀mí wọn. Odò tí à ń wọkọ̀ lórí rẹ̀ fún ìgbádùn, ó ti gbé ẹrú, ó ti gbé ọmọ ogun. Nítorí náà, bí mo bá rí ọmọ Kàbbà tó ń rẹ́rìn-ín lórí Òkè Patti tó wà ní Lọ́kọ́jà, tó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ohun ńlá ni mo kà á sí.

Lọ́kọ́jà ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Láti Kàbbà débẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 80 lọ. Síbẹ̀, bí o bá bi àwa ará Owé, ìyẹn àwa ọmọ Kàbbà, pé kí là ń lọ ṣe ní Lọ́kọ́jà, ọ̀pọ̀ yóò ní ìwé làwọn ń lọ gbà ní sẹkitéríàtì, tàbí ẹjọ́ làwọn ń lọ jẹ́, tàbí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Àwọn tó ń lọ Àbújá máa ń dúró ra ẹja, wọ́n á mu omi, ó parí. Ẹni tó bá rí owó díẹ̀, tó fẹ́ ṣeré létí omi, Èkó ni yóò lọ, tàbí Àgbádárìgì, tàbí kó wọ bàálù lọ Dubai. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tó ń náwó rẹ̀ sí. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa tí a kò ní òkun nílẹ̀ wa, Ọlọ́run mú odò méjì tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà pàdé nítòsí ilé wa, ó gbé òkè kan lé wọn lórí, ọ̀pọ̀ ọmọ wa sì ń gba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láìtíì fi ẹsẹ̀ kan òkè náà rí.

Nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá tí mo wà ní Kàbbà, a máa ń sáré láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Tíṣà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, télọ̀ wà níbẹ̀, mẹkáníìkì àti ọlọ́kadà náà ò gbẹ́yìn. Bí òjò bá ti dá, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́, a máa ń háyà bọ́ọ̀sì lọ sí Lọ́kọ́jà. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ́ dáadáa kí a tó gbéra, a sì gbọ́dọ̀ ti wọlé kó tó ṣú. Ẹni tó bá ń gbé lọ́dọ̀ wa mọ ìdí rẹ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀nà ilẹ̀ Okun di ohun tí èèyàn ń gbàdúrà sí kó tó tọ̀ ọ́. Àwọn ọdẹ wa ń ṣọ́ igbó, àwọn ṣọ́jà ń dúró sójú títì, síbẹ̀ ẹ̀rù ò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ìyá tí ọmọ wọn ń rìnrìn àjò. Bí awakọ̀ bá ti dé ibi tí igbó pọ̀ sí, orin máa ń dákẹ́ nínú bọ́ọ̀sì wa, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ padà àfi tí a bá rí èéfín ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì Ọbájánà níwájú. Ọ̀nà kọnkéré tí wọ́n ṣe láti Ọbájánà wá sí Kàbbà dára púpọ̀, kò sí kòtò. Bí ààbò rẹ̀ bá lè rí bí kọnkéré rẹ̀ ṣe rí, a ó yọ̀.

Òkè Patti ga tó nǹkan bíi mítà 458 sí ìtẹ́jú òkun. Ọ̀nà mọ́tò kan wà tó lọ́ yí i ká dé òkè, kí ẹni tó bá ti dàgbà tàbí tí orúnkún ń dùn gba ibẹ̀, ojú ò tì í. Ẹni tí ara rẹ̀ dá ni mo ń bá wí: kó fi ẹsẹ̀ gùn ún. Láti ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn ni ọ̀nà ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé á kí ọ, àwọn míì á bá ọ sáré dé ìdí òkúta àkọ́kọ́, wọ́n á sì yà padà. Lẹ́yìn ìyẹn, koríko gbígbẹ tó dé ìgbáròkó ló kù, igi kéékèèké, àti òkúta wẹ́wẹ́ pupa tó ń yí lábẹ́ bàtà. Òkúta wẹ́wẹ́ yìí gan-an ni kí o ṣọ́ra fún. Bí o bá fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́, á gbé ọ lulẹ̀. Iwájú ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, kí ara tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ọwọ́ kan sì ṣófo láti fi di gbòǹgbò mú.

Nọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹgbẹ́ wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí, kì í jẹ́ kí a sáré ju ara wa lọ. Á dá wa dúró lábẹ́ igi, á di ọrùn ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan mú, á wo aago, á ka bí ọkàn ṣe ń lù. Bó bá yára jù, á ní, “Jókòó. Òkè ò ní sá lọ.” Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló máa ń dá dúró jù, torí pé wọ́n máa ń fi agbára bẹ̀rẹ̀. Ìyá télọ̀ kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún máa ń kọjá wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ìró á wà lórí ṣòkòtò eré, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí yóò fi dé òkè. Mo fẹ́ràn láti máa rìn lẹ́yìn ìyá yìí. Ẹni tó fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ ru igi àti iṣu wálé láti oko àkùrọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń pín agbára sí ìrìn.

Bó bá kù díẹ̀ kí a dé orí rẹ̀, ibẹ̀ ló ṣòro jù. Tọwọ́-tẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn ún. Lójijì, gẹ̀rẹ́ náà parí, ilẹ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ bíi pápá bọ́ọ̀lù. Ẹni tí àpáta Okun ti mọ́ lára, tó mọ̀ pé orí wọn sábà máa ń rí róbótó, ó máa ń yà á lẹ́nu. Òkúta irin ló dé Patti lórí. Ó le, òjò ò rí i jẹ, iyanrìn dídì tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni òjò ń jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí orí fi tẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ sì dá. Irú òkúta irin yìí kan náà ló wà ní Àgbájà, lọ́dọ̀ àwọn ará Ọ̀wọ́rọ̀ tí wọ́n jẹ́ Okun bíi tiwa. Ìyẹn ni pé bí a bá dé orí òkè yìí, a ò tíì kúrò nílé.

Ilé ìsinmi kékeré kan wà lókè níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Lugard, òyìnbó tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Àríwá nígbà náà. Òpó ìbánisọ̀rọ̀ gíga-gíga wà níbẹ̀. Igi osè arúgbó kan sì wà, ìdí rẹ̀ fẹ̀, èèpo rẹ̀ kún fún orúkọ àwọn tó ti wá: olólùfẹ́ méjì-méjì, orúkọ ilé-ìwé, ọdún tí wọ́n wá. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á sí i lára. Mo gba ìfẹ́ tó mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n igi yẹn kò bẹ̀ wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ sílẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, kó gbin igi tirẹ̀ sísàlẹ̀.

Láti etí òkè, ìlú wà lábẹ́ rẹ pátá, páànù rẹ̀ ń dán. Odò Ọya ń bọ̀ láti àríwá, Bẹ́núé ń bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Àwọ̀ omi méjèèjì kò dọ́gba. Níbi tí wọ́n ti pàdé, wọn kì í tètè dàpọ̀. Wọ́n á jọ máa sàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìlà kan á sì hàn láàárín wọn tí ojú lásán lè rí. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyanrìn funfun máa ń yọ láàárín odò, àwọn apẹja á kọ́ àgọ́ sórí rẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó bú sẹ́kún níbẹ̀ láìsí ẹni tó ṣe é ní nǹkan.

Ibẹ̀ náà ni ẹnì kan á ti sọ fún ọ pé orí òkè yìí ni Flora Shaw, akọ̀ròyìn òyìnbó, jókòó sí, tó wo odò méjèèjì, tó sì sọ orílẹ̀-èdè wa ní Nàìjíríà. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù kíní ọdún 1897 ni orúkọ yẹn jáde nínú ìwé ìròyìn The Times ní London, nínú àpilẹ̀kọ tí obìnrin náà kọ síbẹ̀. Kò tíì di aya Lugard nígbà náà. Ọdún 1902 ni wọ́n tó ṣègbéyàwó, ní erékùṣù Madeira, ọdún yẹn náà sì ni wọ́n fi Zungeru ṣe olú-ìlú ìjọba òyìnbó ní Àríwá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ òkè yìí ní oṣù kíní ọdún 1897 kan àwa ará Kàbbà gan-an, mo sì fẹ́ kí gbogbo ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Sir George Goldie, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Royal Niger Company, kó àwọn ọmọ ogun ilé-iṣẹ́ náà jọ sí Lọ́kọ́jà, wọ́n sì forí lé Kàbbà pẹ̀lú ìbọn ńlá. Kàbbà ni àgọ́ ogun Tápà wà. Ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn ìlú wa ti kóra jọ ní Ògìdì, wọ́n ń bá Tápà jà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ńṣe la káwọ́ gbera. Kí àwọn ọmọ ogun Goldie tó dé, àwọn Tápà ti kó àgọ́ wọn kúrò. Goldie kéde ní Kàbbà pé agbára Bídà lórí ilẹ̀ wa ti parí. Wọ́n kọrí sí Bídà, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀ kí oṣù náà tó jáde, ní oṣù kejì wọ́n wọ Ìlọrin. Ní oṣù kan ṣoṣo yẹn, wọ́n ń tẹ orúkọ Nàìjíríà sórí bébà ní London, ọmọ ogun sì ń tẹ ọ̀nà Kàbbà mọ́lẹ̀ láti ìdí Òkè Patti.

Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń sọ èyí fún wa lórí òkè, gbogbo wa jókòó sórí òkúta, à ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà. Ọlọ́kadà tó kéré jù nínú wa bi í pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwọn òyìnbó yẹn gbà wá sílẹ̀ ni, àbí wọ́n kó wa?”

Bàbá wo ọ̀nà tó lọ sápá Kàbbà fún ìgbà díẹ̀. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “wọ́n lé Tápà dìde lórí àga, wọ́n sì jókòó sórí rẹ̀.”

Mi ò tíì rí ìwé ìtàn tó ṣe àlàyé rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kíní oṣù kíní ọdún 1900, ní Lọ́kọ́jà kan náà, wọ́n fa àsíá ilé-iṣẹ́ Goldie wálẹ̀, wọ́n ta àsíá ọba Gẹ̀ẹ́sì sókè níwájú Lugard, ó di pé ìjọba ló ni wá. Nígbà tó yá, wọ́n pe gbogbo àgbègbè náà ní Kabba Province.

Eré sísá láàárọ̀ nínú ìlú Lọ́kọ́jà náà dùn fún ẹni tó bá sùn mọ́jú. Ọ̀nà kò jìnnà síra. O lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwé Holy Trinity tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, níbi tí àwọn òpó irin méjì wà tí wọ́n ń pè ní Iron of Liberty, ibi tí wọ́n ti ń kéde òmìnira fún ẹrú. O lè gba ibi ìrántí àwọn ọmọ ogun tó kú nínú ogun àgbáyé, kí o kọjá ní itẹ́ òkú àwọn òyìnbó. Lọ́kọ́jà náà ni wọ́n kó àwọn ọba Àríwá tí òyìnbó rọ̀ lóyè wá. Aliyu, ẹ́míà Kánò, ibẹ̀ ló kú sí ní 1926. Ẹni tó bá ń fi mọ́tò kọjá kò ní rí ìdajì nǹkan wọ̀nyí. Ẹsẹ̀ ló mọ ibi tó yẹ kéèyàn dúró.

Níwájú irin òmìnira yẹn ni mo máa ń pẹ́ sí jù. Crowther fúnra rẹ̀, ọmọ Òṣogùn, ẹrú ni wọ́n kó o ní 1821 kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lójú òkun gbé e lọ sí Sàró, ìyẹn Sierra Leone. Ó gba ìpàdé odò yìí kọjá ní 1841 pẹ̀lú àwọn ọkọ̀ òyìnbó tí ibà pa ọ̀pọ̀ èrò inú wọn. Ó padà wá ní 1854 pẹ̀lú Dókítà Baikie, ẹni tó ń fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní kuníìnì, tí kò sì sí ẹyọ kan tó kú nínú wọn. Baikie yìí ló padà wá tẹ Lọ́kọ́jà dó ní nǹkan bí 1860. Crowther ti dá ìjọ sílẹ̀ ní Gbẹbẹ, ní òdìkejì odò, ní 1857. Ọ̀kan nínú àwọn tó fi síbẹ̀ ni James Thomas, ọmọ apá ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín tí wọ́n kó lẹ́rú, tó dé Sàró, tó sì gba ojú odò padà wá wàásù. Àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀ ṣì wà títí di òní.

Kò dá lọ. Nígbà tí Sigismund Koelle, ajíhìnrere ọmọ Jámánì kan, ń kó ọ̀rọ̀ èdè oríṣiríṣi jọ lẹ́nu àwọn tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Sàró, ó rí ọmọ Ìyàgbà níbẹ̀, ó rí ọmọ Ìjùmú, ó rí ọmọ Búnú, ó rí ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀. Ó tẹ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn jáde nínú ìwé Polyglotta Africana ní 1854. Ẹ rò ó wò. Kí èdè Búnú tó dé etígbọ̀ọ́ òyìnbó kan ní Sàró, wọ́n ti kọ́kọ́ fa ẹnì kan jáde nínú ihò àpáta nílẹ̀ Okun. Ẹni yẹn rìn nínú ìdè, ó wọ ọkọ̀, ó rí òkun fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi í bóyá ó fẹ́ rí i. Èmi ní tèmi, mo fi ẹsẹ̀ ara mi wá sétí omi, mo mú oúnjẹ dání, mo sì ní bọ́ọ̀sì tí yóò gbé mi padà sílé. Ìdí tí mi ò fi gbà pé eré lásán ni nìyẹn.

Lórí omi, ọ̀rọ̀ yí padà. Ará òkè ni wá, púpọ̀ nínú wa kò mọ ìwẹ̀. Àwọn Kákáńdà àti àwọn apẹja yòókù tí wọ́n dàgbà létí odò ló mọ̀ ọ́n. Ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì máa ń ná Lọ́kọ́jà sí Ṣíntákù ní òdìkejì, èèyàn sì lè háyà èyí tí yóò gbé e dé ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ọkọlójú-omi kan tí a bá lọ kò gbà kí a jókòó bó ṣe wù wá. Ó wo ìtóbi ara wa, ó pín wa sọ́tùn-ún àti sósì, ó ní kí Dádì bọ́ sáàárín. Ó kó ẹ̀wù ìléfòó jáde, ó fa okùn ti ẹnì kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ títí ó fi le. Mẹkáníìkì wa ní ooru ń mú òun, pé òun á wọ̀ ọ́ tí a bá dé àárín omi. Ọkùnrin náà pa ẹ́ńjìnnì, ó ká ọwọ́ gbera, ó jókòó. Kò bínú, kò pariwo. Ìgbà tí okùn ẹ̀wù mẹkáníìkì dì mọ́ ọn láyà ló tó dìde fa ẹ́ńjìnnì padà.

Gbogbo ọkọlójú-omi ì bá rí bẹ́ẹ̀. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2024, ọkọ̀ kan tó kó àwọn ọlọ́jà láti Kogí lọ sí ọjà ní Ìpínlẹ̀ Niger dojú dé lórí Odò Ọya, ọ̀pọ̀ èèyàn ló bá a lọ, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin. Ọjà ni wọ́n ń lọ, ibi tí wọ́n ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Odò yìí náà ló kún wọ Lọ́kọ́jà ní 2012, tó sì tún kún ní 2022, tó gba ilé ní Gánájà àti Adánkọ́lọ́, tó gé ọ̀nà Àbújá, tí ọkọ̀ tò sílẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Nítorí náà, bí mo ṣe ń pe èèyàn wá ṣeré létí odò, mò ń sọ fún wọn pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí wọ́n wá, kí wọ́n má sì wọ ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀wù ìléfòó. Ó sì yẹ kí àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Okun wá bí wọn yóò ṣe máa kọ́ ọmọ ní ìwẹ̀. A ní odò, a ní akẹ́kọ̀ọ́, a ní àwọn ọmọ apẹja tó lè kọ́ wọn bí a bá sanwó fún wọn.

Nígbà tí a dé ibi ìlà àwọ̀ méjì, ọkùnrin náà rọra dín ẹ́ńjìnnì kù. Ìyá télọ̀ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ Ọya, ó kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọkọ̀, ó ki ọwọ́ bọ Bẹ́núé. Ó ní ọ̀kan tutù ju èkejì lọ. A bẹ̀rẹ̀ sí jiyàn lórí èyí tó tutù jù, iyàn náà ò sì tán títí a fi dé èbúté.

Ọmọ wa lè sáré, ọmọ wa lè gun òkè, ẹ̀rí sì wà. Sunday Bada, ọmọ Ìpínlẹ̀ Kogí, gba wúrà eré mítà 400 ti àgbáyé nínú gbọ̀ngàn ní Paris lọ́dún 1997, ó sì wà lára àwọn tó gba wúrà fún Nàìjíríà nínú eré ìsáré tí wọ́n ti ń gbé ọ̀pá fún ara wọn ní Ìdíje Òlíńpíìkì Sydney ti ọdún 2000, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó kú ní 2011 kí wọ́n tó fi wúrà náà lé ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní Ìyàrà, ó wà ní Mọ́pà, ó wà ní gbogbo ìlú tí ọmọ ti ń sáré lọ sílé-ìwé. Ìdíje gígun Patti lọ́dọọdún, fún àwọn ilé-ìwé girama ilẹ̀ Okun, Ígálà àti Ẹbira, kò ní náni lówó púpọ̀: omi, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá díẹ̀, àti ife ẹ̀yẹ. Àwọn ọmọ tí àgbà wọn ń bá ara wọn jà lórí ìṣèlú yóò jọ mí hẹlẹ lórí òkè kan náà.

Ìjọba ìpínlẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí wọ́n kọ òtítọ́ sórí pátákó lórí òkè, pẹ̀lú ọjọ́ àti ọdún, títí kan ogun tó gba Kàbbà kọjá. Kí wọ́n ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìdalẹ̀nù síbẹ̀, torí ọ̀rá píọ́wọ́tà tí à ń ṣà nínú koríko ti pọ̀ jù. Kí wọ́n fi ẹ̀wù ìléfòó sí gbogbo èbúté, kí wọ́n sì fìyà jẹ ọlọ́kọ̀ tó bá gbé èrò láìlò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí wọ́n ṣọ́ ọ̀nà wa. Ẹ̀rù ló lé àwọn baba wa gun òkè. Kò yẹ kí ẹ̀rù tún jẹ́ ohun tí yóò dí ọmọ wọn lọ́wọ́ àtigùn ún.

Ẹ̀yin òbí ní Kàbbà, ní Ìjùmú, ní Ìyàgbà, ẹ má dúró de ìjọba kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kó ara yín jọ, kí ẹ háyà ọkọ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀ tí ẹ mọ̀, kí ẹ wádìí bí ọ̀nà ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn ọdẹ. Ẹ mú àgbà kan dání tó lè sọ ìtàn. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, kó gbé omi tó tó o, kó sì mú àpò kan tí yóò fi kó ìdọ̀tí rẹ̀ wálé. Láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì ni ìgbà tó dára jù. Ẹ gbéra nígbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́, kí ẹ sì rí i pé ẹ ti padà wọ Kàbbà kó tó ṣú.